Ilẹ̀ Iyanrìn Fàdámà ní Àríwá Nàìjíríà

Fàdámà ni orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe ilẹ̀ pẹrẹsẹ ẹ̀bá odò, èyí tí omi máa ń bò mọ́lẹ̀ nígbà òjò, tí ó sì máa ń hàn síta padà nígbà tí odò bá fà. Ó bá ohun tí àwọn Yorùbá ń pè ní àkúrọ̀ mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fàdámà sábà máa ń fẹ̀ ju àkúrọ̀ lọ. Lára àwọn tí ó lókìkí jù lọ ní Nàìjíríà ni ti àfonífojì odò Sókótó àti odò Rima ní ìwọ̀-oòrùn àríwá, àti ti odò Hadejia àti odò Jama'are ní ìlà-oòrùn àríwá. Odò méjì tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí pàdé, wọ́n di odò Yobe tí ń ṣàn lọ sí ìhà adágún Chad. Apá púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí jẹ́ iyanrìn. Iyanrìn lásán kì í ṣe ilẹ̀ ẹlẹ́tù lójú. Ìkún-omi ọdọọdún ni ó ń sọ ọ́ di oko tí a lè dá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí ìdí èyí, ẹni tí ó bá ní àṣẹ lórí omi ni ó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ yìí ni ó sì wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn fàdámà láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Bí odò ṣe ń to ilẹ̀ jọ

Nígbà tí odò bá kún bo bèbè rẹ̀, agbára omi a máa dín kù bí ó ti ń tàn ká. Iyanrìn, nítorí pé ó wúwo, ni ó kọ́kọ́ ń rì sílẹ̀, kì í sì í jìnnà sí bèbè. Bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, bèbè náà a máa ga díẹ̀ ju ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Erùpẹ̀ kíkúnná ń bá omi lọ síwájú sí i. Amọ̀ ni ó ń kẹ́yìn. Inú kòtò tí omi ti dúró jẹ́ẹ́ ni ó ń rọra jókòó sí. Wóró iyanrìn kan a máa fẹ̀ tó ìdá 5 nínú 100 mìlímítà títí dé mìlímítà 2, nígbà tí ti amọ̀ kò tó ìdá 2 nínú 1,000 mìlímítà.

Odò a sì máa yí ipa padà. Ipa àtijọ́ a kún fún iyanrìn, ìkún-omi ọdún mìíràn a sì fi amọ̀ bò ó. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi lè bẹ̀rẹ̀ ebè kan lórí iyanrìn kí ó sì parí rẹ̀ lórí amọ̀, tí ẹni tí ń gbẹ́ kànga sì fi lè la amọ̀ kọjá kí ó tó kan iyanrìn tí ó kún fún omi. Ní agbègbè Hadejia àti Nguru, ohun mìíràn tún dá kún un: àwọn òkìtì iyanrìn tí afẹ́fẹ́ kó jọ ní ayé àtijọ́, nígbà tí ilẹ̀ náà gbẹ ju ti òde òní lọ. Orí òkìtì wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn ń kọ́ ilé sí, tí wọ́n sì ń gbin jéró sí. Àárín wọn ni omi ń gbà kọjá.

Àǹfààní àti àlébù iyanrìn

Ọkọ́ tètè ń wọ ilẹ̀ iyanrìn. Kì í lẹ̀ mọ́ ọkọ́ nígbà òjò, kì í sì í la ẹnu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ilẹ̀ amọ̀ ti ń ṣe. Àlùbọ́sà àti ááyù a máa tóbi nínú rẹ̀, nítorí pé kò fún wọn mọ́. Àlébù rẹ̀ ni pé kì í di omi mú lójú ilẹ̀, kì í sì í di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mú. Omi tí a bá bù sí i a wá ibi gbà lọ sísàlẹ̀, a sì gbé ọ̀rá ilẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Àlébù yìí gan-an ni ó sọ ọ́ di ìkòkò omi. Ààyè tí ó wà láàárín wóró iyanrìn ń gba omi wọlé nígbà tí odò bá kún, ó sì ń tètè fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga. Ní ibi púpọ̀, mítà díẹ̀ péré ni a ó gbẹ́ kí a tó kan omi, bí òjò tilẹ̀ ti dá fún oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n omi tí kò wọlé nígbà òjò kò sí níbẹ̀ láti fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí dáàmù tó dé

Òjò àgbègbè yìí kò ju bí oṣù mẹ́rin lọ, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ Haúsá ti pín ilẹ̀ sí méjì: tudu, èyí tí í ṣe ilẹ̀ òkè tí òjò nìkan ń bomi rin, àti fàdámà. Jéró àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn sí tudu. Ní fàdámà, wọ́n ń gbin ìrẹsì sí kòtò amọ̀ kí omi tó kún. Bí omi bá ti fà, wọ́n ń gbin ẹ̀wà, àlùbọ́sà, ata àti ẹ̀fọ́ sí ibi tí ilẹ̀ ṣì tutù. Jigo ni wọ́n fi ń fa omi. Igi gígùn kan ni, tí a gbé kọ́ orí òpó. Akèrègbè wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, ìṣù amọ̀ sì wà ní ìkejì kí fífà rẹ̀ lè fúyẹ́.

Bí koríko tudu bá gbẹ, àwọn darandaran Fúlàní a kó màlúù wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí fàdámà. Pòròpórò tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ ni màlúù ń jẹ, ìgbẹ́ wọn sì ń dá ọ̀rá padà sí iyanrìn tí kò lè fi í pamọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ogun jìháàdì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, tí Ìjọba Kálífà Sókótó sì fìdí múlẹ̀, Muhammad Bello tẹ Wurno dó sí àfonífojì odò Rima gẹ́gẹ́ bí ìlú olódi. Lára owó òde tí wọ́n ń gbà nínú ìjọba náà ni kurdin rafi, èyí tí wọ́n bù lé oko ẹ̀bá omi. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ tí ń so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí ń so lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà dáàmù

Ọ̀dá ńlá tí ó mú gbogbo ẹkùn Sahel ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ba ohun ọ̀gbìn jẹ́, ó sì pa ẹran ọ̀sìn púpọ̀. Ìjọba pinnu láti sé àwọn odò. Ní 1973, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún àfonífojì Sókótó àti Rima, èkejì fún ẹkùn Chad. Ní 1976, iye àjọ bẹ́ẹ̀ ti di 11. Dáàmù Tiga, tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò kọ́ sórí ọ̀kan nínú àwọn odò tí ń bọ́ Hadejia, parí ní 1974. Ti Bakolori lórí odò Sókótó parí ní 1978, ti Challawa Gorge sì parí ní 1992. Wọ́n pèsè omi fún ìlú Kánò àti fún oko ńláńlá tí a ń bomi rin.

Ní Bakolori, adágún dáàmù bo ilẹ̀ àwọn kan, katakata sì wó oko àwọn mìíràn láti tẹ́ ilẹ̀ fún ìbomirin. Àwọn àgbẹ̀ ráhùn pé owó gbà-má-bínú kò tẹ àwọn lọ́wọ́ bí ó ti yẹ. Wọ́n dí ọ̀nà, wọ́n sì dá iṣẹ́ dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, àwọn ọlọ́pàá ya wọ àwọn abúlé náà, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iye tí àwọn ará abúlé sọ ju iye tí ìjọba sọ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú àríyànjiyàn títí di òní.

Ìpalára ti ìsàlẹ̀ odò kò pariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tàn káàkiri. Ní agbègbè Hadejia àti Nguru, ilẹ̀ tí ìkún-omi ń bò ní àwọn ọdún 1960 a máa ju 2,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ nígbà tí òjò bá dára. Ní àwọn ọdún ọ̀dá ti 1980, kò tó ìdajì rẹ̀. Ọ̀dá àti dáàmù ni wọ́n jọ fà á. Bèbè oníyanrìn, nítorí pé ó ga, ni omi kọ́kọ́ kọ̀ sílẹ̀. Bí omi kò bá sì dé orí rẹ̀, omi abẹ́ rẹ̀ a lọ sílẹ̀ sí i, kànga a sì gbẹ. Ní ibòmíràn, omi tí dáàmù ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọdún kò jẹ́ kí ipa odò gbẹ mọ́; koríko Typha hù bò ó, ó dí ọ̀nà omi, ó sì gba oko àti ibi ìpẹja.

Ẹ̀rọ afami àti ìjà tuntun

Láti àwọn ọdún 1980, àwọn ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Báńkì Àgbáyé ṣe ìrànwọ́ fún pín ẹ̀rọ kékeré tí ń fa omi fún àwọn àgbẹ̀. Ìwà iyanrìn ni ó jẹ́ kí ètò yìí rọrùn: a lè fi omi alágbára ti páìpù wọ inú iyanrìn láàárín wákàtí díẹ̀, kí a sì rí kànga tí ó tó bomi rin oko. Nígbà tí ìjọba fòfin de àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè ní 1987, owó àlìkámà gòkè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sáré lọ gba ilẹ̀ fàdámà. Ètò Fàdámà ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, ó sì ní ìpele kejì àti ìkẹta lẹ́yìn náà.

Ìrè oko pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àyè tí màlúù ń jẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn di oko, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé odò sì dí. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran le sí i. Ní ìpele kejì ètò náà, a mú àwọn darandaran àti apẹja mọ́ àwọn àgbẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí ń pinnu bí a ó ṣe lo ilẹ̀.

Ipò tí ó wà lónìí

Adágún Nguru àti ipa omi Marma ti wà nínú àkọsílẹ̀ àdéhùn Ramsar lórí ilẹ̀ àbàtà láti ọdún 2000. Ìkún-omi ti 2012 àti ti 2022 fi hàn pé dáàmù kò mú ewu omi púpọ̀ kúrò. Ti 2022 gba ẹ̀mí púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, ó sì gbé oko lọ. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń dábàá pé kí àwọn dáàmù máa tú omi sílẹ̀ ní iye tí a wọ̀n, ní àsìkò tí odò ti máa ń kún tẹ́lẹ̀, kí ó lè dé orí bèbè oníyanrìn kí ó sì wọ inú rẹ̀. Omi yẹn náà ni ẹ̀rọ afami àwọn àgbẹ̀ Hadejia àti ti Sókótó ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti bomi rin àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n ń kó lọ sí ọjà káàkiri Nàìjíríà.