A rí ihò kí a tó rí eegun

Nínú àwòrán sẹ́ẹ̀lì tí à ń yà sínú ìwé ìdánwò, núkílíọ́ọ̀sì, yàrá tí DNA wà, máa ń léfòó sínú omi lásán. Wọ́n sì ń fún wa ní máàkì. Àwòrán náà kò pé o, ìtàn ló fà á.

Ní ọdún 1950, Callan àti Tomlin fi máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wo awọ núkílíọ́ọ̀sì inú ẹyin àwọn ẹranko ìdílé àkèré. Ihò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ ni wọ́n bá lára rẹ̀. Eegun tó gbé sẹ́ẹ̀lì ró ńkọ́? Osmium ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì nígbà náà kí ó má bàa jẹrà, òun gan-an ló sì ń ba púpọ̀ nínú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí à ń pè ní microtubule jẹ́. Oògùn ń pa ohun tí wọ́n ń wá! Ọdún 1963 ni Sabatini, Bensch àti Barrnett mú glutaraldehyde wá, tí Ledbetter àti Porter fi rí àwọn ọ̀pá náà kedere nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko.

Ọdún 13 péré ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti pín. Ẹni tó ń wo ihò ń ka purotéènì tó ní àmì ìwọlé àti àwọn tó ń sìn ín kọjá. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Wọn kò kàn sábà béèrè ohun tó ń fa ẹnu-ọ̀nà náà.

Ní 1997, Maniotis, Chen àti Ingber fa ojú ara sẹ́ẹ̀lì, núkílíọ́ọ̀sì inú lọ́hùn-ún sì yí padà. Ní 2006 ni ìdè tó so eegun mọ́ núkílíọ́ọ̀sì gba orúkọ LINC. Lẹ́yìn náà, ní 2017, Elosegui-Artola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Barcelona gbé sẹ́ẹ̀lì lé orí ohun líle. Eegun fa núkílíọ́ọ̀sì títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn ihò nà, purotéènì YAP sì ráyè wọlé. Lórí ohun rírọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Àfìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ irinṣẹ́ tẹ núkílíọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ ni YAP tó wọlé níbẹ̀ náà.

YAP máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ kókó jẹjẹrẹ sì le ju ẹran ara tó yí wọn ká lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kọjá àwòrán. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú wa ṣì ń jiyàn: bí a bá ya gbogbo okùn yẹn sínú ìwé ìdánwò, ìgbà wo la máa dé ìbéèrè kejì?