Bí àbí Àfi Bí? Ìpààrọ̀ Olùdíje ní New Jersey, 2002

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin tirẹ̀ lórí bí a ṣe lè pààrọ̀ orúkọ olùdíje lórí ìwé ìdìbò. Ní Missouri lọ́dún 2000, Mel Carnahan, tó ń du ipò sẹ́nétọ̀, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ jù láti yọ orúkọ rẹ̀. Òkú ló wọlé.

Ti New Jersey ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, Sẹ́nétọ̀ Robert Torricelli ti ẹgbẹ́ Dẹmókírátì jáwọ́ nínú ìdíje. Ìbò ku ọjọ́ 36. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi Frank Lautenberg rọ́pò rẹ̀. Òfin sọ pé bí àyè olùdíje bá ṣófo, ó kéré tán, ní ọjọ́ 51 ṣáájú ìbò, ẹgbẹ́ lè yan ẹlòmíràn. Bí ọjọ́ kò bá wá pé 51 mọ́ ńkọ́? Òfin dákẹ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ túmọ̀ ẹsẹ òfin yìí, mo kọ «àfi bí» láìfura. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dá ẹjọ́ náà fún ẹgbẹ́ Rìpọ́blíkà, tí ó ní ilẹ̀kùn ti tì. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

Bí o bá dé kí ọjà tó tú, wàá rí ẹja rà.
Àfi bí o bá dé kí ọjà tó tú ni wàá rí ẹja rà.

A lè fi kún ti àkọ́kọ́ pé: «Bí o bá pẹ́ pàápàá, màá bá ọ fi díẹ̀ pamọ́.» Kò tako ara rẹ̀. Ti èkejì kò gba irú àfikún bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, gbogbo adájọ́ méje Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ New Jersey fẹnu kò pé òfin kò ka ìpààrọ̀ léèwọ̀, pé kí olùdìbò rí ẹni tí yóò yàn ló ṣe pàtàkì jù, àti pé àkókò ṣì wà láti tún ìwé tẹ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ Dẹmókírátì san owó rẹ̀. Lautenberg ló wọlé ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá.

Àwọn alátakò béèrè pé: kí wá ni iye ọjọ́ náà wà fún? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá dá ọjọ́ fún wa, a máa ń gbà pé kò fẹ́ kí a kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí olùgbọ́ fà yọ nínú ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀rọ̀ sọ.

Èdè Faransé ni a fi kọ òfin ìbò wa ní Bẹ̀nẹ̀. Èdè wa ni a fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ. Ẹni tó bá yan «àfi bí» níbi tí òfin ti sọ «bí» ti kúrò ní ògbufọ̀. Ó ti di adájọ́.