Àwo Tí A Kò Dé Lọ́mọrí

"Kò ṣí." Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni oníbàárà máa ń gbé wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fídíò òde ní Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́, tàbí ní Yábà ní ìlú Oǹdó, tòun ti àwo DVD nínú ọ̀rá. Ó lè jẹ́ fídíò ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ ti ìsìnkú àgbà tàbí ti ìwúyè. Kò ṣí, ó parí. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣe àwo ẹni kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ẹ̀rọ DVD ilé wọn lè má kà á rárá. Ó sì lè kà á, kó jẹ́ pé ojú ibi tí èèyàn ti ń yan ohun tó fẹ́ wò ló dúró gbagidi, tí rìmóòtù ò lè mì ín. Òmíràn ń lọ geere, ó dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ gé kéèkì, ló bá há. Atúnṣe tó bá gbọ́ "kò ṣí", tí kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kàn kọ òmíràn fún oníbàárà ni, àìsàn kan náà á sì tún bá a délé.

Ẹ̀bi oníbàárà kọ́, torí kò sẹ́ni tó fún un ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kà lójú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwo, bíi Nero, Ulead tàbí Adobe Encore: menu, chapter, title, burn, finalize. Wọ́n ń fi í bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bá kọjú sí màmá tó ṣe òde ni ọ̀rọ̀ máa ń di rúdurùdu. "Mọ́mì, wọn ò tíì finalize ẹ̀ ni o." Màmá á ní, "Bá mi fi sí i nígbà náà, mi ò mọ̀ pé wọn ò fi sí i."

Ohun tí mo ń wá fún iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ tí màmá yẹn lè fi ṣàlàyé ohun tó ṣe àwo rẹ̀ kí atúnṣe tó fọwọ́ kàn án. Mi ò wá Gẹ̀ẹ́sì tí a da agbádá bò.

Ọ̀kan ti wà nílẹ̀ tipẹ́: àwo. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀. Láyé giramafóònù ni àwọn èèyàn wo ohun dúdú pẹrẹsẹ tó ń yípo, tí wọ́n pè é ní àwo, tí wọ́n sì ń sọ pé olórin "ṣe àwo". Àwọn tó ń ra àwo King Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó, kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí síídì dé, tí DVD tẹ̀ lé e láàárín ọdún 1990 sí 2000, ọ̀rọ̀ náà gba àwọn náà láyè. Ilé tí a bá fẹ́ kọ́ yẹ kó ti orí ìpìlẹ̀ yìí dìde.

Burn ni awuyewuye pọ̀ jù lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń túmọ̀ lóréfèé yóò ní "jó". Ẹ gbọ́ bó ṣe dún: "Ẹ bá mi jó fídíò ìgbéyàwó mi." Ẹnì kan á rò pé ijó ni wọ́n ní kóun wá jó, ẹlòmíràn á ní Ọlọ́run má jẹ́ ẹ. Mo gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ò purọ́. Aró kan wà lára àwo òfìfo tí a ń rà, ìmọ́lẹ̀ laser inú ẹ̀rọ ló ń mú ibi kéékèèké lára aró náà gbóná títí àmì á fi wà níbẹ̀. Àmọ́ a ti ní "kọ", ó sì sàn jù, nítorí pé ó ní èkejì tó bá a rìn, ìyẹn "kà". Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ pé "ẹ̀rọ yìí ò ka síídì". Ohun tí a kọ la ń kà. Tí a bá fi kọ àti kà sọ̀rọ̀, ìbéèrè tó yẹ á jáde fúnra rẹ̀: ṣé a kò kọ ọ́ dáadáa ni, àbí ẹni tó fẹ́ kà á ni kò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Oríṣi àwo òfìfo méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà, DVD-R àti DVD+R, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ sì wà tó ń ka ti àkọ́kọ́ tí kò ka èkejì. Àwo tí ṣọ́ọ̀bù kà tí ilé kò kà, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà kí a tún un kọ, kí a dín eré kíkọ náà kù.

Ọ̀rọ̀ finalize wá ńkọ́? Àwọn kan dá "parí" lábàá. Kò lè ṣiṣẹ́, nítorí oníbàárà á rò pé fídíò ni kò tíì parí, á máa béèrè ibi tí ìyókù ijó ìyàwó wà. "Kásẹ̀ nílẹ̀" dùn létí, ṣùgbọ́n ó gùn fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èmi fara mọ́ "dé lọ́mọrí". Àwo la kúkú ń pè é, àwo sì ń ní ọmọrí. Àwo tí a kò dé lọ́mọrí, ẹ̀rọ tó kọ ọ́ lè rí inú rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó kù á wò ó bíi pé òfìfo ni. Tí a bá ti dé DVD-R lọ́mọrí, a ò lè fi nǹkan kan kún un mọ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ọmọrí ìkòkò ṣeé ṣí, tí ti àwo yìí kò ṣeé ṣí. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà tiro díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún màmá òde pé, "Mọ́mì, wọn ò dé e lọ́mọrí," kí ẹ wò ó bóyá á tún ní kí ẹ fi sí i.

Ojú ibi tí a ti ń yan nǹkan ni iṣẹ́ wà jù. Ìwé atúmọ̀ á sọ fún ọ pé menu ni àkójọ oúnjẹ, á sì fi ọ́ sílẹ̀ nílé oúnjẹ. Àtẹ ni mo pè é. Ohun tí ìyálọ́jà ń ṣe ní Ọjà Ọba náà ni: ó tò ó síta kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó nawọ́ sí èyí tó wù ú. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì ti wà, pípàtẹ. "Ta ló pa àtẹ yìí?" Ọmọ iṣẹ́ kankan ò ní béèrè ohun tí ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká wo àtẹ ìgbéyàwó kan. Orúkọ mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀: Ìdáná, Ṣọ́ọ̀ṣì, Gbọ̀ngàn, Ijó. Ní ojú kọ̀ǹpútà gbogbo rẹ̀ dára, ẹni tó pa á fi eku kọ̀ǹpútà tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣí. Nílé, wọ́n tẹ ọfà ìsàlẹ̀ lára rìmóòtù láti Ìdáná, ó fò ré kọjá Ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ sórí Ijó, wọ́n tẹ ọfà òkè, kò padà. Ìdí rẹ̀ ni pé bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lójú àtẹ DVD ló ní ọ̀nà mẹ́rin tirẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, a sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Eku kọ̀ǹpútà ò nílò wọn, rìmóòtù ò lè ṣe láìsí wọn. Mo pè wọ́n ní ọ̀nà ọfà. Tí oníbàárà bá lè sọ pé, "Ọ̀nà ọfà rẹ̀ ti dàrú," iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kí á sì sọ ọ́ di òfin ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù: rìmóòtù la fi ń dán àtẹ wò.

Àwọ̀ tó ń sọ bọ́tìnnì tí èèyàn wà lórí rẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Mo ń pè é ní àmì ìdúró. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni ìlànà DVD fún àwòrán tó ń ru àmì yìí, ọ̀kan nínú wọn sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò hàn. Ẹni tó bá lọ ya òjìji múlọ́múlọ́ sí i, bí eyín ayùn ló máa jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni kí àmì ìdúró jẹ́ góòlù, kí aṣọ ẹbí inú àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ náà jẹ́ góòlù. Bọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́, a ò kàn rí i ni, wọ́n á sì tún gbé e wá pé kò ṣí.

Àwọn aránṣọ ló yá mi ní ọ̀rọ̀ kan nítorí orúkọ tí tẹlifíṣọ̀n ń gé. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó níkùn lẹ́yìn kì í fi gbogbo àwòrán hàn, ó máa ń gbé etí rẹ̀ mì. Ìdí nìyí tí "Adébọ̀wálé" lójú àtẹ fi ń di "débọ̀wálé". Apá etí tí ojú kì í rí yìí ni mo pè ní ìṣẹ́tí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ní etí kọ̀ọ̀kan ni kí a fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i. "Ìṣẹ́tí ti jẹ orúkọ ìyàwó" yé gbogbo èèyàn.

Title ló máa ń ṣi atúmọ̀ lọ́nà jù. Wọ́n á ní "àkọlé". Lórí àwo DVD, title kì í ṣe orúkọ ohunkóhun, odidi fídíò kan tó dá dúró ni. Àwo kan lè gba tó 99 irú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ní tó 99 chapter. Odidi àti orí ni mo lò fún méjèèjì. Orí ti mọ́ wa lára láti inú Bíbélì. "Apá" ìbá wù mí, ṣùgbọ́n àwọn onífíìmù ti gbà á láti ìgbà síídì fídíò, tí ọ̀kan ò gbà ju wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lọ, tí fíìmù fi di Apá Kìíní, Apá Kejì. Kí apá máa jẹ́ ti wọn.

Bitrate ni mo rò pé ó yẹ ká ṣọ́ra fún jù, nítorí àwọn kan ti ń pè é ní "iyára". Fídíò tí bitrate rẹ̀ ga kò sáré ju èkejì lọ. Iye ohun tó ń ṣàn wọ inú ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni, nítorí náà ìwọ̀n ìṣàn ló tọ́ sí i. Àwo DVD onípele kan gba 4.7 GB. (Kọ̀ǹpútà tó ń fi 1,024 ka nǹkan dípò 1,000 á kọ 4.37, ẹ má bá ẹni tó tà á fún yín jà.) Òde wákàtí méjì lórí rẹ̀ á rí ìwọ̀n ìṣàn bíi mẹ́gábíìtì márùn-ún, àwòrán á mọ́ rekete. Ṣùgbọ́n òde wa kì í ṣe wákàtí méjì. Tí a bá fún wákàtí márùn-ún mọ́ inú rẹ̀, mẹ́gábíìtì méjì ló kù, ojú àwọn àlejò á sì di búlọ́ọ̀kù. Tí ẹni tó ṣe é bá tún fi ohùn sílẹ̀ ní PCM, ìyẹn ohùn tí a kò fún pọ̀, ohùn nìkan á gba mẹ́gábíìtì kan àtààbọ̀ nínú méjì yẹn. AC-3, tó ń fún ohùn pọ̀, kò gba ju ìdá kékeré kan nínú ìyẹn lọ. Tàbí kí a sọ òótọ́ fún oníbàárà pé àwo méjì ni òde rẹ̀ máa gbà, kó sanwó méjì.

A kò gbọ́dọ̀ túmọ̀ gbogbo nǹkan. Nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì jẹ́ olóòtú èkejì ní 1990, àwọn àgbà èdè ṣẹ̀dá, wọ́n sì yá. Iṣẹ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún, DVD ò tíì dáyé nígbà náà, àmọ́ ọgbọ́n wọn wúlò níbí. PAL, ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n, kó máa jẹ́ PAL. VIDEO_TS, fóldà tí fídíò wà nínú rẹ̀, kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rọ ń wá orúkọ yẹn gan-an lórí àwo. Ọmọ iṣẹ́ tó bá yí i padà sí "Igbeyawo Sade" kó tó kọ ọ́ ti ba àwo náà jẹ́ nìyẹn.

Àwọn tó mọ Yorùbá dénú pọ̀ ní ìlú Oǹdó, ní ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí tó ti di yunifásítì. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà wà ní Àkúrẹ́, ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀. Mo ń bẹ ẹ̀yin méjèèjì, ẹ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Arákàlẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Kí ẹ sì yára, nítorí kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kì í sábà ní ojú àwo mọ́, Adobe Encore sì ti dúró sí ẹ̀dà ọdún 2012.

Ẹ̀yin tí àwo ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú bàbá yín ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ dà á kọ sórí ohun mìíràn nísinsìnyí tó ṣì ń kà. Gbogbo fóldà VIDEO_TS ni kí ẹ dà kọ, kì í ṣe àwọn fáìlì VOB ńláńlá nìkan. Fáìlì IFO kéékèèké ló mọ ibi tí àtẹ, odidi àti orí kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ á rí àwòrán, kò ní rí àtẹ.