Àwọ̀ Pupa Tí Ó Sọnù ní Ìlú Iznik

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá wọn ra táìsì fún mọ́sáláṣí àdúgbò rẹ̀ rí yóò mọ ohun tí à ń wí. Wọn a ra páálí ogún, kí bíríkìlà tó tẹ́ ẹ dé ìdí mìhúráábù, táìsì yóò ti tán. Wọn a tún padà sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò. Orúkọ kan náà ni ó wà lára páálí, ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé tuntun ti èyí tí ó wà nílẹ̀, ojú a fi hàn pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Bíríkìlà tí ó bá gbọ́n a kọ́kọ́ wo àmì kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páálí kí ó tó jẹ́ kí a sanwó. Àmì àwọ̀ ni. Ìdí tí ilé iṣẹ́ fi ń kọ àmì náà ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ sì wà nínú ìtàn náà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ.

Amọ̀ tí a sun lásán kì í dán. Ohun tí ó ń dán lára táìsì ni ìyẹ̀fun òkúta tí a pò mọ́ omi, tí a fi bo ara amọ̀, tí iná ìléru sì yọ́ títí tí ó fi di bí gíláàsì. Inú gíláàsì yìí ni àwọ̀ ń gbé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tí amọ̀kòkò fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kọ́ ni yóò bá nígbà tí ìléru bá tutù. Bàbà tí ó ń di àwọ̀ ewé nínú gíláàsì olójé, àwọ̀ ojú ọ̀run ni yóò dà bí ó bá jẹ́ pé eérú ewéko ni wọ́n fi yọ́ gíláàsì náà. Kóbọ́ọ̀tì tí ó dúdú lọ́wọ́ yóò jáde ní búlúù bí aró. Bí iná bá kéré díẹ̀, tàbí tí ó pọ̀ díẹ̀, tàbí tí èéfín wọ inú ìléru, àwọ̀ yóò yí padà. Ó dà bí ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ tí kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò títí tí àlejò yóò fi jókòó.

Ní ọ̀rúndún 9, àwọn amọ̀kòkò Ìráàkì ti mọ bí a ṣe ń fi fàdákà àti bàbà ya àwòrán sórí gíláàsì funfun, tí wọn a tún un sun nínú èéfín, tí yóò sì máa tàn bí wúrà. Ẹni tí ó bá dé mọ́sáláṣí ńlá ìlú Kairouan ní Tùnísíà yóò rí irú táìsì bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 130 yí mìhúráábù rẹ̀ ká, láti ọ̀rúndún 9 náà ni wọ́n sì ti wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú Kashan ní ilẹ̀ Páṣíà ni a ti rí ìwé. Ìdílé kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní ìdílé Abu Tahir, iṣẹ́ táìsì ni wọ́n ń ṣe láti ọwọ́ baba dé ọwọ́ ọmọ, wọ́n sì ṣe mìhúráábù tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà, Abu'l-Qasim, kò mọ ìkòkò ní tirẹ̀. Akọ̀wé àti òpìtàn ni ó dà ní ààfin. Ní ọdún 700 lẹ́yìn Hijira, èyí tí ó bọ́ sí 1301, ó kọ ìwé kan lórí òkúta iyebíye àti lọ́fínńdà, ó sì fi iṣẹ́ ilé baba rẹ̀ ṣe apá ìkẹyìn. A dúpẹ́ pé ó kọ ọ́, nítorí ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń sọ sí etí ọmọ wọn nìkan ni ó tú síta.

Ó ní kí a fi ìwọ̀n òkúta quartz lílọ̀ mẹ́wàá, ìwọ̀n gíláàsì lílọ̀ kan, àti ìwọ̀n amọ̀ funfun kan pọ̀. Ó sọ ibi tí kóbọ́ọ̀tì ti ń wá, abúlé Qamsar nítòsí Kashan, ó sì ní àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é ní òkúta Sulaimani, pé Ànábì Sulaimọ́nù ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. (Ìyẹn wà lọ́rùn àwọn tí wọ́n sọ ọ́.) Ó sọ nípa igi ìdáná pàápàá: ní àwọn ìlú kan wọn a bó èèpo ara igi kúrò kí ó má baà rú èéfín. Àwòrán aláwọ̀ wúrà nìkan ni wọ́n máa ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi èéfín sun, fún wákàtí 72 gbáko. Bí ó bá tutù tán, wọn a fi erùpẹ̀ tútù fọ̀ ọ́ kí wúrà tó yọjú.

Kí òǹkàwé wa kíyè sí èyí: kò sí ibì kankan nínú gbogbo rẹ̀ tí wọ́n ti wọn àwọ̀. Ohun tí ó ń wọlé ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n wọn òkúta, wọ́n wọn wákàtí, wọ́n ṣa igi, wọ́n sì fi ojú dájọ́ èyí tí ó kù.

Nǹkan bí 250 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlú kékeré Iznik ní ilẹ̀ Túrkì gba ipò iwájú. Quartz funfun ni táìsì tiwọn náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ wọ́n di ẹni tí ayé ń wárí fún ni àwọ̀ pupa kan, tí ó pupa fòò bí ata rodo. Ara mọ́sáláṣí Súlútáànì Sulaimọ́nù ní Istanbul, tí Sinan kọ́ parí ní 1557, ni a ti kọ́kọ́ rí i lára táìsì. Ẹni tí ó bá sì wọ mọ́sáláṣí Rüstem Paşa, tí Sinan yìí kan náà kọ́ ní nǹkan bí 1561 sí 1563, yóò rí i láti ilẹ̀ dé òkè.

Ilẹ̀ pupa lásán ni, èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí gíláàsì olójé máa ń jẹ irin. Bí a bá kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gíláàsì yóò mu ún, yóò sì di àwọ̀ ilẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ará Iznik ṣe ń kùn ún nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yọ sókè. Bí a bá fi ìka ra á títí dòní, ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Iná pẹ̀lú kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí ó yẹ, nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. A kò rí irú ìwé Abu'l-Qasim láti Iznik. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún péré ni pupa yìí fi mọ́ kedere.

Kí ni ó pa á? Ààfin ni oníbàárà tí ó tóbi jù. Láti Istanbul ni ayàwòrán ọba ti ń fi àwòrán ránṣẹ́, ìwé àṣẹ a sì dé ọ̀dọ̀ kọ́ọ̀dì Iznik pé kí àwọn oníṣẹ́ má ta ọjà fún ẹlòmíràn títí wọn yóò fi parí ti ọba. Ọba ni ó sì ń dá iye owó rẹ̀. Nígbà tí Súlútáànì Ahmed ń kọ́ mọ́sáláṣí rẹ̀ láàrin 1609 àti 1617, táìsì tí ó lò lé ní 20,000. Ohun gbogbo ti gbówó lórí nígbà náà, ṣùgbọ́n iye tí ọba ń san lórí táìsì kọ̀ọ̀kan dúró sójú kan. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ sí i, tí ọjà tí ó ń rà sì ń gbówó lórí, a mọ ibi tí yóò gbé e gbà. Pupa bẹ̀rẹ̀ sí í di rúsúrúsú, àwọ̀ ewé ń ṣàn kọjá ààlà rẹ̀, funfun sì gba àbààwọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè mú amọ̀kòkò fún un, nítorí iye táìsì pé, àwòrán rẹ̀ sì bá ti ọba mu. Àwa kò lè dá àwọn oníṣẹ́ yìí lẹ́bi tán. Nígbà tí arìnrìn-àjò Evliya Çelebi kọ nípa ìlú náà ní 1648, ilé iṣẹ́ mẹ́sàn-án péré ni ó kù. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́.

Ọ̀rúndún 20 ni wọ́n tó rí bí a ṣe ń fi nọ́ḿbà wọn àwọ̀ tí ó jáde. Ní 1931, àjọ àgbáyé kan lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, tí à ń pè ní CIE, fi ẹnu kò lórí bí ojú ènìyàn ṣe ń gba àwọ̀. Ní 1976 wọ́n sọ ọ́ di nọ́ḿbà mẹ́ta: èkíní sọ bí nǹkan ti dúdú tàbí funfun tó, láti 0 dé 100, èkejì sọ bóyá ó fà sí pupa tàbí àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta sọ bóyá ó fà sí àwọ̀ ìyeyè tàbí búlúù. Ẹ̀rọ yóò tan iná sí táìsì, yóò ka ìmọ́lẹ̀ tí ó padà, yóò sì sọ bí ti òní ti jìnnà sí ti àná tó. Bí ìjìnnà náà bá tó nǹkan bí 1, ojú tí ó mọ̀ ọ́n wò lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Táìsì tí ó bá jìnnà jù, inú páálí mìíràn ni wọn yóò kó o sí pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Èyí ni àmì tí bíríkìlà wa ń wò.

Pupa ṣì le títí dòní. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi òkúta zircon bo àwọ̀ rẹ̀ yíká kí gíláàsì má baà jẹ ẹ́, ìṣòro kan náà tí àwọn ará Iznik fi kíkùn nípọn yanjú. Ní Iznik fúnra rẹ̀, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1993 láti wá iṣẹ́ àwọn baba wọn padà, orí quartz ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń wọn àwọ̀ kò purọ́? Táìsì náà ni wọ́n fi ń dán an wò. Stoke-on-Trent, ìlú àwọn amọ̀kòkò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe táìsì 12 tí àwọ̀ wọn kì í ṣá, tí ilé ìwádìí káàkiri ayé ń fi yẹ ẹ̀rọ wọn wò. Ṣùgbọ́n nínú wọn, èyí tí ó pupa a máa yí àwọ̀ díẹ̀ bí ooru bá mú un, a sì tún padà bí ó bá tutù. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ lé e, wọn a kọ́kọ́ wo bí yàrá ti gbóná tó.