Ojú tí Ń Ṣọ́ Aláìsàn: Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì àti Ìpinnu lórí Ìtọ́jú, láti Scutari dé Ìmẹ̀sí-Ilé

Lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, dókítà ni ó ń pinnu ohun tí a ó ṣe fún aláìsàn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò sì ju pé kí ó jíṣẹ́ tí dókítà rán an. Èrò yìí kò bá ìtàn mu. Bí a bá tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a ó rí i pé àwọn ohun tí a kà sí iṣẹ́ kékeré, bíi wíwẹ aláìsàn, bíbọ́ ọ, yíyí i padà lórí ibùsùn, àti wíwo bí ó ti ń mí, ni orísun ìmọ̀ tí ìpinnu dókítà dúró lé. Ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a ti rí èyí kedere jùlọ. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ Tọ́kì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1854, nígbà ogun Crimea, Florence Nightingale kó obìnrin 38 wọ ilé-ìwòsàn àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari, ní òdìkejì omi sí ìlú tí a ń pè ní Istanbul lónìí. Àwọn dókítà ológun kò fi ọ̀yàyà gbà wọ́n. Nightingale bá pàṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì rẹ̀ kankan má ṣe fọwọ́ kan aláìsàn, àfi bí dókítà bá pè é. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ àti àwọn aláìsàn fi pọ̀ kọjá agbára àwọn dókítà, tí àwọn fúnra wọn sì ní kí wọ́n wá ran àwọn lọ́wọ́. Ọgbọ́n ìyàwó tuntun ni èyí, tí kì í fọwọ́ kan ìkòkò ìyálé títí ìyálé fi pè é sí ìdí ààrò.

Ní ìgbà òtútù ọdún náà, onígbáméjì, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà pa àwọn ọmọ-ogun ju ọta ìbọn lọ. Kì í ṣe Nightingale nìkan ni ó dá ikú náà dúró, bí àwọn ìtàn adùn-ún-gbọ́ ti máa ń wí. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó tí ìjọba rán dé ní oṣù kẹta ọdún 1855, tí wọ́n kó ẹ̀gbin kúrò nínú ojú ìdọ̀tí abẹ́ ilé náà, ni ikú tó dín kù gidigidi. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni pé, lẹ́yìn ogun, ó jókòó ti ìṣirò àwọn òkú títí ó fi yà á ní àwòrán tí ojú lè rí. Nínú ìwé tí ó kọ fún àwọn olùtọ́jú aláìsàn ní 1859, ó fi apá kan jíròrò bí a ti ń ṣọ́ aláìsàn. Ó ní kí a má ṣe béèrè bóyá aláìsàn sùn dáadáa. Kí a mọ iye wákàtí tí ó fi sùn, àti ìgbà tí ó sùn ún.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí a bá bi àgbàlagbà Yorùbá tí ó wà lórí àkéte pé, “Baba, ṣé ara le?”, èsì rẹ̀ kò ní ju “A dúpẹ́” lọ, ì báà jẹ́ pé kò fojú ba oorun láti àná. Nọ́ọ̀sì tí ó bá kọ “A dúpẹ́” sínú ìwé kò tí ì kọ nǹkan kan. Èyí tí ó ka iye èémí baba ní ìṣẹ́jú kan, tí ó ṣí àwo oúnjẹ àná wò, tí ó sì yẹ ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ wò nítorí egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń dá sílẹ̀, òun ni ó mọ ohun tí ń bẹ. Àwọn ìwé tí a kọ fún aláwọ̀ funfun a máa wí pé kí a wá ibi tí ara ti pọ́n. Ṣùgbọ́n pípọ́n kì í tètè hàn lára dúdú. Ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì wa yóò fi mọ̀ bóyá ibẹ̀ gbóná, tàbí ó le, ju ibi tí ó yí i ká lọ. Ọwọ́ yìí ti pinnu kí dókítà tó dé.

Ní 1860 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale sílẹ̀ ní St Thomas' ní London. Ibẹ̀ ni Kòfówórọlá Abẹ́ní Pratt, ọmọ Èkó tí a bí ní 1915, tí ó sì ti ṣe olùkọ́ rí, lọ kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Nígbà tí ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ní 1965, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé yunifásítì, Ìmẹ̀sí-Ilé ti dán an wò. Ẹni tí ó bá ka ìtàn ogun Kírìjì mọ ìlú náà. Ibẹ̀ ni ibùdó Èkìtìparapọ̀ kí wọ́n tó ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ní 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan tí ń jẹ́ David Morley dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Èéyí, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, òtútù àyà àti àìjẹun-re-kánú ni ó ń pa àwọn ọmọ náà. Dókítà kan kò lè rí gbogbo wọn. Nítorí náà, a kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti yẹ ọmọ wò, láti mọ àìsàn rẹ̀, láti fún un ní oògùn, àti láti mọ èyí tí ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Irinṣẹ́ wọn kò ju òṣùwọ̀n àti káàdì lọ. Ní oṣooṣù, nọ́ọ̀sì á wọn ọmọ, á sì fi àmì kan sí ojú káàdì. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, àwọn àmì náà á di ìlà. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá tẹ́jú fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ewu ti dé, bí ọmọ tilẹ̀ ń ṣeré, tí ìyá rẹ̀ kò sì rí ohun tí ó ń ṣe é. Ìlà tí ó bá ṣubú lẹ́yìn èéyí a máa pẹ́ kí ó tó padà sókè. Ní igun káàdì ni a ń kọ ìdí tí ọmọ kan fi nílò àkíyèsí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: pé ìbejì ni, pé ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ti kú, tàbí pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yè. Ìyá ọmọ ni ó sì ń mú káàdì náà lọ sílé. Ẹni tí ó bá rò pé ìyá tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù kò mọ bí àwọn ìyá wa ti ń tọ́jú ohun tí ó bá jẹ mọ́ ẹ̀mí ọmọ.

Èyí tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà ni yíyan ẹni tí a ó rán lọ sí Iléṣà. Bí a bá rán gbogbo ọmọ lọ, ilé-ìwòsàn á kún àkúnya. Bí a bá dá ẹni tí kò yẹ dúró, ọmọ lè kú lóru. Nọ́ọ̀sì ni ó ń pinnu, òṣùwọ̀n, ojú àti ọwọ́ ni ó sì fi ń pinnu.

Ní 1961 Morley padà sí London, káàdì náà sì tàn ká orílẹ̀-èdè púpọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a ń gbọ́ nínú ìtàn. A kì í sábà gbọ́ orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó fi àmì sí àwọn káàdì àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ tí a wọ̀n nígbà náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí ó sì ń wá iṣẹ́ ìwádìí, lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn, kí ó sì béèrè ẹni tí ó gbé wọn lé òṣùwọ̀n.