Akàn Tí Kò Wọ Ìwé: Ìfojúdíwọ̀n Akàn àti Edé Odò ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Nínú ìtàn ọrọ̀-ajé ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, kòkó, iṣu àti igi gẹdú ni ó gba ojú ìwé. Akàn tí àwọn ọmọdé Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n ń fà yọ nínú ihò létí odò, àti edé tí àwọn obìnrin ń gbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí nínú àkọsílẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí onítàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni bóyá àìsí nínú ìwé túmọ̀ sí àìsí nínú odò.

Kí a tó ka ohun kan, ó yẹ kí a mọ irú ohun tí í ṣe. Ìlànà tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé (FAO) gbé jáde ní 2012 ka pípa ẹran omi sí ti ìgbafẹ́ bí kì í bá ṣe òun ni olórí oúnjẹ ẹni tí ó pa á, tí a kì í sì í sábà tà á. Ọmọ tí ó ti oko dé, tí ó yà sódò, tí ó sì kó akàn mẹ́jọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, bọ́ sínú ìlànà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò pe ọbẹ̀ ní ìgbafẹ́ ní Àrámọ̀kọ. Eré ni, oúnjẹ sì ni. Ohun tí a tà lọ́jà tàbí tí a gbé gúnlẹ̀ ní èbúté ni akọ̀wé ìjọba ń kà.

Ààlà ìṣèjọba tún bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Títí di 1967, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kan náà pẹ̀lú Èkìtì. Láti 1976 tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ títí di 1996 tí Èkìtì dá dúró, abẹ́ orúkọ kan ni Ìlàjẹ etíkun àti Ẹ̀fọ̀n orí òkè wà. Iye yòówù tí ìwé bá kọ fún edé Oǹdó ní ogún ọdún náà, ariwo etíkun ni yóò bo ohùn òkè nínú rẹ̀.

Daniel Pauly àti Dirk Zeller fi àbájáde irú àìkọsílẹ̀ báyìí hàn ní 2016. Iye tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ fún FAO pé wọ́n pa nínú òkun ní 1996 jẹ́ mílíọ̀nù 86 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n fojú díwọ̀n èyí tí a kò kọ, tí wọ́n sì fi kún un, ó di mílíọ̀nù 130. Nígbà tí akọ̀wé kò bá mọ iye, òfo ni ó ń kọ, bẹ́ẹ̀ òfo gan-an ni iye tí ó dájú pé kò tọ̀nà.

Ní Florida, ìjọba ní orúkọ àwọn tí ó gba ìwé àṣẹ láti fi ìgbafẹ́ pa edé ńlá inú òkun, a sì ń kọ̀wé bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n pa. Orí ìwé orúkọ ni ọ̀nà yìí dúró lé. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n kì í gba ìwé àṣẹ kí ó tó ti ọwọ́ bọ ihò akàn. Bí olùwádìí bá sì lọ jókòó sétí odò ní ọjọ́ kan, ẹni tí ń lọ lójoojúmọ́ ni yóò bá pàdé. Ẹni tí ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìgbà mẹ́fà nínú méje. Ó wá ku ilé. Ká ní ọmọ 40 ní àdúgbò kan ń lọ ní ìgbà mẹ́fà lóṣù, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú akàn mẹ́wàá bọ̀: 2,400 ni. Bí ó bá jẹ́ ìgbà mẹ́ta ni wọ́n lọ ní òtítọ́, ó di 1,200. Ìrántí a máa mú ọjọ́ tí agbọ̀n kún, a sì máa gbàgbé ọjọ́ tí ọwọ́ ṣófo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ti Gammalin 20. Oògùn kòkòrò inú kòkó ni, lindane ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan sì ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Akàn àti edé wà lára ẹ̀dá tí lindane tètè ń pa. Akàn odò kì í sì í lọ sókun láti yé. Abẹ́ ìyá ni ọmọ ti ń dàgbà, nítorí náà odò tí ó bá ti tán nínú rẹ̀ kò ní ìrànlọ́wọ́ láti òkun. Ní 2009 ni Àdéhùn Stockholm ka lindane mọ́ àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Kí ni odò Èkìtì ti pàdánù kí ó tó di ìgbà náà? Òfo ni ìwé kọ ṣáájú, òfo ni ó kọ lẹ́yìn. Lójú ìwé, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó kù wà lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin. Kì í ṣe iye akàn ni ó yẹ kí a bi wọ́n, bí kò ṣe irú ìkòkò tí wọ́n fi ń sè é, iye ẹnu tí ń jẹ nínú rẹ̀, odò tí wọn kò lọ mọ́, àti ọdún tí wọ́n ṣíwọ́. Ìdáhùn sí èyí tí ó gbẹ̀yìn ṣeé gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún tí Gammalin kọ́kọ́ wọ oko etí odò kọ̀ọ̀kan.