Ọjọ́ Tí A Wá Afẹ́fẹ́ Tútù fún Hilux ní Odo-Ape

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. "Okun o," ni ọ̀gá mẹkáníìkì wí kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. A dá a lóhùn, "Okun." Oṣù Kẹta ni, ìgbà kajú, eruku Odo-Ape sì ti bo ewé títí dé ṣóńṣó igi. Hilux Ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ máńgòrò, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù lítà 2.7, tó ti ń kó ẹrù lọ sí Kabba láti ọdún mélòó kan. Ẹjọ́ ẹyọ kan ni Ẹ̀gbọ́n ní: bó bá kó àpò kajú láàárọ̀, ọkọ̀ á gun òkè, bó bá kó iye kan náà lọ́sàn-án, á máa wọ́ bí ẹni tí wọ́n so okùn mọ́ lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gá ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Àpótí fíltà tó bá ọkọ̀ wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó fọ́ lọ́dún tó kọjá, mẹkáníìkì kan ló jù ú nù, tó fi fíltà olórí ṣóńṣó há ẹnu páìpù, tó sì sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé irú rẹ̀ ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ń lò. Fíltà ọ̀hún dojú kọ rẹdiétọ̀. Ooru tí rẹdiétọ̀ ń tú jáde ni ẹ́ńjìnnì ń fà sí imú.

Aago mẹ́jọ. Mo lọ yá tẹmómítà lọ́wọ́ ìyá tó ń sin adìyẹ lẹ́yìn ilé wa.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọkọ̀ ni ibà ń ṣe, Mọ̀mí."

"Ẹ dá a padà kílẹ̀ tó ṣú o. Àwọn òròmọdìẹ mi ò gbọdọ̀ sùn láìsí i."

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A ti wa ọkọ̀ náà káàkiri títí ó fi gbóná dáadáa. Lábẹ́ igi, tẹmómítà ka 34. Mo fi rọ́bà so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ fíltà, a pa bónẹ́ẹ̀tì dé, a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí a ṣí i, ó ti di 62.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná, á fẹ̀, á sì fúyẹ́. Èyí tó kún inú àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, yóò wọn nǹkan bíi kílò 1.15 bí ooru bá jẹ́ 34. Bó bá jẹ́ 62, kò ní ju 1.05 lọ. Nínú ìpín méjìlá, ọ̀kan ti lọ. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.7 tó ń yí nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta níṣẹ́jú kan, bó bá ń mí kanlẹ̀, yóò gbé tó lítà 4,000 afẹ́fẹ́ mì láàárín ìṣẹ́jú náà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mélòó nìyẹn? Ó tó 160. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì bu epo gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n náà. Afẹ́fẹ́ dín, epo dín, agbára dín. Ẹ̀gbọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Aago mọ́kànlá. Páìpù oní-ínṣì mẹ́ta tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni a lò. (Ẹ má rẹ́rìn-ín.) Ọ̀gá fi ayùn irin gé e, ó fi sáńdípépà fá ẹnu rẹ̀ kí èérún ráńpẹ́ kankan má baà bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ó wá ń yí i lókè iná èédú. Páìpù ń dán, ó ń rọ̀. Ọ̀gá ti ẹnu ìgò kan bọ̀ ọ́, ó yí i, ẹnu páìpù là bí òdòdó. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án kó tó le.

"O rí i bó ṣe rọ̀? Bó ṣe máa rọ̀ náà nìyẹn bí o bá gbé e sún mọ́ páìpù èéfín."

Páànù òrùlé ni a fi kan àpótí yí fíltà ká, a fi tíúbù táyà tó ti gbó lẹ eteetí rẹ̀ kó lè fara mọ́ bónẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ńsọ̀ àti páìpù tó gbé e dání, ọ̀gá ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án: bí ibi tó jókòó sí bá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, irọ́ ni yóò máa pa fún kọ̀ǹpútà.

Ìjà wá dé lórí ibi tí páìpù yóò kọjú sí. Ọmọ iṣẹ́ ní ká gbé e sísàlẹ̀, lẹ́yìn bọ́ńpà, torí ibẹ̀ ló tutù jù.

"Tó bá di ìgbà òjò ńkọ́, tí ọkọ̀ wọ odò? Omi ò ṣeé fún pọ̀. Bó bá wọ sílíńdà, kọnrọ́ọ̀dù ló máa tẹ̀."

Ẹ̀gbẹ́ iná iwájú, lókè, ni a gbé e sí. Mo sọ fún wọn pé ní 1964, Ford ṣe ọkọ̀ eré kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Thunderbolt. Iná mẹ́rin ló yẹ kó wà níwájú rẹ̀, wọ́n yọ méjì, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dí ihò wọn, wọ́n sì fa páìpù láti ibẹ̀ lọ sórí kábúrétọ̀. Ọ̀gá ní, "Wọ́n gbọ́n." Ó sì gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sẹ́nu tiwa.

Aago kan. Iyán.

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ké, ó rọlẹ̀, ó tún ké, ó tún rọlẹ̀, bí ọmọ tó ń sunkún tó ń sùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ń fọwọ́ tọ páìpù lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kọjá sẹ́ńsọ̀, ó fi àtàǹpàkò dí ihò kan, ariwo sì dá wáí. Họ́ọ̀sì kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí padà ni a gbàgbé láti dá padà sípò. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, onílẹ̀kùn ò mọ̀.

Aago mẹ́rin ààbọ̀. Àpò kajú ti wà lẹ́yìn, oòrùn ṣì mú: 37 níta. A gun òkè. Níbi tí Ẹ̀gbọ́n ti máa ń bọ́ sí jíà kejì, jíà kẹta ló bá a kọjá. A dúró lókè, mo wo tẹmómítà nínú àpótí: 41. A jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó di 53. Bí ọkọ̀ ò bá rìn, oore náà ò pọ̀. Èmi ò sì ní sọ pé a fi agbára kún Hilux; ohun tí wọ́n jù nù lọ́dún tó kọjá la fi páìpù àti páànù dá padà fún un.

"Ó yàtọ̀, àbí?" ni mo bi Ẹ̀gbọ́n.

"Ó dà bíi ti àárọ̀," ló wí.

Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá adìyẹ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba tẹmómítà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún lẹ́ẹ̀mẹta.

"Pẹtiróòlù," ló wí, ó sì wọlé tọ àwọn òròmọdìẹ rẹ̀ lọ.